Àwọ̀ Ara Obì

Èso obì gbànja a máa so pọ̀ lórí ìdí kan ṣoṣo, mẹ́ta sí márùn-ún, tí orí wọn yóò tẹ̀ síta bí ìràwọ̀. Èèpo rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ó le, ara rẹ̀ sì rí kókókó. Bí wọ́n bá là á, hóró inú rẹ̀ wà nínú awọ funfun kan tó rọ̀, tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Abẹ́ awọ yìí ni nǹkan ìyanu wà. Nínú èso kan náà, láti ara igi kan náà, hóró kan lè pupa fòò, èkejì lè pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kí ẹ̀kẹta sì funfun bí eyín ọmọdé.

Ohun tó fà á ni pé kì í ṣe igi tó so èso náà nìkan ló ni àwọ̀ hóró. Awẹ́ obì jẹ́ ara ọmọ igi tó wà nínú hóró náà, hóró kọ̀ọ̀kan ló sì ní bàbá tirẹ̀, nítorí ìyẹ̀fun òdòdó tí kòkòrò gbé wá lè ti ara igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá. Bí ìyá tàbí bàbá bá fi pupa lé hóró lọ́wọ́, yóò pọ́n. Àfi bí àwọn méjèèjì bá jọ fi funfun lé e lọ́wọ́ ni yóò tó funfun. Ìdí nìyí tí obì funfun fi ṣọ̀wọ́n ju pupa lọ, tí owó rẹ̀ fi ń ga nígbà tí wọ́n bá ń wá a fún ìnáwó.

Gbànja kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Àbàtà ni obì ìbílẹ̀, tó ní awẹ́ mẹ́ta sí mẹ́fà, òun ni wọ́n sì ń dà nídìí òrìṣà. Awẹ́ méjì péré ni gbànja ní, kò ṣeé fi bọ nǹkan. Jíjẹ àti òwò ni tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tọ́ka sí Gonja ní àríwá Gánà, ojú ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ń gbé obì gbà lọ sí ilẹ̀ Hausa. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e ni ọ̀gbìn rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ Yorùbá, Agége sì wà lára àwọn ilẹ̀ tó kọ́kọ́ gbà á. Àwọn oníṣòwò Èkó tí wọ́n yà sídìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ló da oko síbẹ̀. Jacob Kẹ́hìndé Coker, tí oko rẹ̀ wà ní Ifákọ̀, ni aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907. Ojú irin tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Agége kọjá. Nígbà tí irin náà sì dé Kánò ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, obì rí ọkọ̀ wọ̀ lọ bá àwọn Hausa tó ń pè é ní goro. Ilé ti bo ilẹ̀ oko wọ̀nyẹn báyìí. Apá Ṣàgámù àti Abẹ́òkúta ni èèyàn yóò dé kó tó rí igi obì tó pọ̀ lójú kan.

Ohun tó ń mú obì pọ́n ni èròjà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní anthocyanin. Inú omi tó wà nínú ara awẹ́ ló ti ń yòrò, ó yàtọ̀ sí àwọ̀ epo pupa, tí inú epo ń gbé, tí omi kò lè fọ̀ jáde. Anthocyanin náà ló wà nínú ìsápá pupa tí wọ́n fi ń se sóbò. Kò yẹ kó yani lẹ́nu, nítorí mọ̀lẹ́bí ni obì, ìsápá àti kòkó. Ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko kó wọn sí. Àwọ̀ yìí kì í dúró sójú kan. Bí wọ́n bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú sóbò, pupa rẹ̀ yóò tàn sí i. Bí wọ́n bá da omi káún sí i, yóò ṣókùnkùn, yóò sì yí sí àwọ̀ aró tàbí àwọ̀ ewé. Èròjà kan náà ni. Ìkan àti káún ló ń yí ìrísí rẹ̀ padà.

Obì funfun kò ní anthocyanin yìí, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni láti rò pé kò ní èròjà kankan nínú. Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ gé e, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ díẹ̀, ojú ibi tí wọ́n gé yóò pọ́n rúsúrúsú, yóò sì dúdú bí igi gbígbẹ, gẹ́gẹ́ bí ti obì pupa. Èròjà mìíràn ló wà nídìí èyí, catechin ni orúkọ rẹ̀, kò sì ní àwọ̀ kankan rárá níbẹ̀rẹ̀. Nínú obì tó wà ní odidi, yàrá ọ̀tọ̀ ni catechin ń gbé, yàrá ọ̀tọ̀ sì ni ẹ́ńsáìmù tó lè yí i padà wà. Ọ̀bẹ, eyín, tàbí ìfarapa nínú apẹ̀rẹ̀ ló ń wó ògiri àárín wọn. Bí wọ́n bá ti pàdé, tí atẹ́gùn ọ́síjìn sì dé bá wọn, catechin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ ara wọn di ẹ̀wọ̀n gígùn, ẹ̀wọ̀n yìí ló sì ní àwọ̀ pupa ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ òyìnbó àtijọ́ ń pè ní pupa obì. Ẹni tó bá bọ obì nínú omi gbígbóná kó tó gé e yóò rí i pé kì í pọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí ooru ti ba ẹ́ńsáìmù jẹ́. Iṣẹ́ kan náà ló ń lọ lẹ́nu ẹni tó ń jẹ obì: itọ́ rẹ̀ yóò pọ́n, eyín àwọn tí kì í fi obì sílẹ̀ sì ń gba àwọ̀ náà títí tí kò fi ní ṣeé fọ̀ kúrò.

Catechin àti àwọn tánìnì tó jẹ́ ẹbí rẹ̀ ló ń mú ẹnu súnkì, torí wọ́n ń di èròjà purotéènì inú itọ́ mú. Ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń lé oorun lọ. Kaféènì ni, èyí tí onímọ̀ ará Jámánì náà Friedlieb Runge kọ́kọ́ yọ láti inú kọfí ní 1819. Ní 1865, William Daniell, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣiṣẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti John Attfield ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé ó wà nínú obì. Nínú giramu 100 obì gbígbẹ, kaféènì a máa tó nǹkan bí giramu 2, ó sún mọ́ ti kọfí gan-an. Ọlọ́dẹ àti arìnrìn-àjò aṣálẹ̀ ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó bí Runge.

Àwọn èròjà yìí jẹ́ ààbò fún hóró lọ́wọ́ kòkòrò, ṣùgbọ́n ààbò náà ní ibi tó mọ. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Láti oko ló ti ń yé ẹyin sínú hóró, ìdin rẹ̀ á sì máa gbẹ́ ihò sínú awẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀. Ojú ihò kọ̀ọ̀kan ni àwọ̀ dúdú ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà àwọ̀ ni àwọn obìnrin aláròóbọ̀ ń wò kí wọ́n tó san owó. Wọ́n á bọ́ awọ funfun kúrò, wọ́n á fọ obì, wọ́n á jẹ́ kí omi ara rẹ̀ fà díẹ̀, wọ́n á sì dì í sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tútù tẹ́, kó má bàa gbẹ. Wọ́n á tún máa tú u wò, kí wọ́n lè ṣa èyí tó bá ti ń bàjẹ́ kúrò láàárín àwọn tó kù. Ìmọ̀ tó jinlẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dárúkọ ẹ́ńsáìmù.

Àwọ̀ tí oníṣòwò obì ń sá fún ni aláró mìíràn ń wá. Ní Sàró, wọ́n ń gún obì, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á sì rẹ aṣọ gara sínú rẹ̀ kó lè gba àwọ̀ pupa ilẹ̀. Ewé elú, tí àwọn aláró Yorùbá ń lò, ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó dúdú.

Nítòsí Agége, tí oko obì àti kòkó wà rí, ilé iṣẹ́ ló wà níbẹ̀ báyìí, àwọ̀ ilẹ̀ ṣì ń jáde níbẹ̀. Ní Agídíńgbì, Ìkẹjà, Cadbury ń ṣe Bournvita. Àwọ̀ kòkó inú rẹ̀ tan mọ́ ti obì tí wọ́n gé: àwọ̀ àlùkò ni hóró kòkó tútù ní, ìgbà tí wọ́n bá sé e mọ́ ewé fún ọjọ́ mélòó kan, tó sì gbóná, ni anthocyanin rẹ̀ ń tú, tí catechin rẹ̀ sì ń so pọ̀ di àwọ̀ ilẹ̀, sísá àti yíyan ló ń parí iṣẹ́. Ti ẹlẹ́rìndòdò dúdú tó jogún orúkọ obì láti 1886, tí John Pemberton po Coca-Cola ní Amẹ́ríkà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣúgà tí wọ́n jó lórí iná ni wọ́n fi ń pa á láró.