OHUN TÓ WÀ LẸ́YÌN Ẹ̀FÀ: BÍ A ṢE Ń YAN AMPLIFÁYÀ FÚN ỌKỌ̀ PÍKỌ́Ọ̀PÙ

Nínú ìpàdé gbogbogbòò, a fẹnu kò pé a óò yọ nínú owó ẹgbẹ́ ra amplifáyà tuntun sí píkọ́ọ̀pù tí ń ṣáájú ìwọ́de wa. Inú owó oúnjẹ àti owó ìwé ni olúkúlùkù ti yọ owó yìí dá. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ bí a ti ń yan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ariwo ẹnu ta ẹ̀rọ fún wa.

Kí ni iṣẹ́ amplifáyà gan-an? Ohùn tó ń jáde láti inú rédíò tàbí máìkì kéré púpọ̀, kò lè mi sípíkà ńlá. Amplifáyà ni ó ń gba iná lọ́wọ́ bátìrì, tí ó ń fi í sọ ohùn kékeré yẹn di alágbára. Lóòótọ́ rédíò ọkọ̀ ní amplifáyà kékeré tirẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n bí wọ́n tilẹ̀ kọ "50W x 4" sí i lójú, bíi wáàtì 20 ni ó lè máa fún sípíkà kọ̀ọ̀kan láìsinmi. Èyí tó fún ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀. Kò tó fún ẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń jó ní ìta gbangba.

Fíúsì kì í purọ́

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí a bá dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ọkọ̀, a óò rí páálí tí wọ́n kọ wáàtì 3,000 sí gàdàgbà. "Max" tàbí "peak" ni wọ́n ń pe irú iye bẹ́ẹ̀. Agbára ìṣẹ́jú àáyá kan ni, ẹlòmíràn kò sì ní í lè yọ ọ́ rárá. Iye tí ó yẹ kí a wá ni èyí tí wọ́n kọ RMS sí lára, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ náà lè máa yọ láìdáwọ́ dúró.

Ní ọdún 2003, àwọn oníléeṣẹ́ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà fi ìlànà kan lélẹ̀ tí wọ́n pè ní CEA-2006. Ìlànà náà ní kí a wọn agbára amplifáyà ọkọ̀ ní fóòtì 14.4, lórí sípíkà óòmù 4, kí àbùkù inú ohùn náà má sì ju ìdá 1 nínú 100 lọ. CTA-2006 ni wọ́n ń pè é báyìí. Iye tí wọ́n bá wọn ní ìlànà yìí ṣeé fi wé ara wọn láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ kan sí èkejì.

Bí kò bá sí irú àmì bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ẹ yí ẹ̀rọ náà padà, kí ẹ wo fíúsì tó wà lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ áńpíà 30, ẹ fi 14 sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí pé bíi fóòtì 14 ni iná ọkọ̀ máa ń jẹ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Èsì rẹ̀ jẹ́ wáàtì 420. Kò sì sí amplifáyà tó ń sọ gbogbo iná tó gbà di ohùn. Bí a bá ní ó ń lo ìdá 80 nínú 100, wáàtì 336 ló kù. Páálí ń pariwo 3,000, fíúsì ń sọ 336! Bí fíúsì bá jẹ́ méjì, ẹ rò wọ́n pọ̀ kí ẹ tó ṣe ìṣirò. Àwọn ẹ̀rọ ńlá kan kì í ní fíúsì lára; ìwé tó bá wọn wá ni kí ẹ kà.

Sípíkà ni kí a kọ́kọ́ wò

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí a bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, ariwo náà á di ìlọ́po méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Decibel 3 péré ni ìlọ́po méjì wáàtì ń fi kún ohùn. Kí etí tó lè sọ pé ohùn kan lọ sókè ní ìlọ́po méjì, a nílò bí ìlọ́po mẹ́wàá wáàtì.

Nítorí náà, irú sípíkà tí a ní ṣe pàtàkì ju wáàtì lọ. Lára páálí sípíkà, ẹ ó rí iye decibel tí wáàtì 1 ń mú jáde ní ìwọ̀n mítà 1. Bí sípíkà kan bá jẹ́ 88, tí èkejì jẹ́ 97, wáàtì 100 lórí èkejì yóò dún bíi wáàtì 800 lórí èkíní. Àwọn sípíkà ẹlẹ́nu fèrè tí a ń rí lórí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ní iye tó ga, ohùn èèyàn sì máa ń já gaara lára wọn. Wúfà ńlá ló ń jẹ iná jù, bẹ́ẹ̀ ni kò ràn wá lọ́wọ́ láti gbọ́ ohun tí akéwì ń sọ.

Ẹ tún wo óòmù. Bí a bá so sípíkà óòmù 4 méjì pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n di óòmù 2. Bí a bá so wọ́n tẹ̀lé ara wọn, wọ́n di 8. Bí óòmù bá ti ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni amplifáyà ń fa iná sí i, tí ara rẹ̀ ń gbóná. Èyí tí wọ́n kọ pé óòmù 4 ni ó lè gbà, ẹ má ṣe gbé óòmù 2 lé e.

Níbo ni iná yóò ti wá?

Ẹ jẹ́ ká fi sípíkà mẹ́rin, wáàtì 100 lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣe àpẹẹrẹ. Wáàtì 400 ni a ń wá. Amplifáyà irú Class AB máa ń sọ bí ìdajì iná tó gbà di ohùn, ooru ni ìyókù. Yóò gba wáàtì 800, ìyẹn bí áńpíà 57. Irú Class D máa ń lo bí ìdá 80, nítorí náà yóò gba wáàtì 500, bí áńpíà 36. Gílóòbù halogen iwájú ọkọ̀ kan ń jẹ bíi wáàtì 55. Wáàtì 500 yìí dà bí ìgbà tí a tan mẹ́sàn-án irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Lóòótọ́, ìlù àti orin kì í wà lórí agbára kíkún ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n ìrìn ẹsẹ̀ ni ọkọ̀ ìwọ́de ń rìn, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń rọra yí, alternator kì í yọ gbogbo iye tí wọ́n kọ sí i lára. Bátìrì ni yóò máa san gbèsè náà. Fún iṣẹ́ tiwa, Class D ló bọ́gbọ́n mu.

Bí ó bá jẹ́ lọ́rì ńlá ni a yá, ẹ ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ wọn ń lo bátìrì méjì tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ fóòtì 24. Amplifáyà fóòtì 12 tí a bá so mọ́ ọn tààrà yóò jóná. Kí a yọ wáyà lára bátìrì kan ṣoṣo náà kò dára, nítorí èyí yóò máa tán, èkejì yóò máa gba iná ní àgbàjù. Ẹ̀rọ tí ń sọ 24 di 12 ni kí a fi sáàárín.

Wáyà, fíúsì àti iná ọmọ ọ̀rara

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kọjá owó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ni yóò dúró sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù náà, ọkọ̀ tó ní epo bẹntiróòlù nínú. Wáyà tó tín-ínrín yóò gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ yóò yọ́, iná yóò sì sọ. Wáyà nọ́ńbà 4 tó jẹ́ ojúlówó bàbà ni kí a rà. Bí nọ́ńbà ti ń kéré ni wáyà ń nípọn. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á wò: bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Kò lè gbé iná tó ojúlówó.

Ẹ sọ fún rìwáyà, ìbáà jẹ́ Yorùbá ni ó gbọ́ tàbí Hausa, pé kí fíúsì áńpíà 60 wà lórí wáyà náà, kí ó má sì jìnnà sí bátìrì ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Èyí yàtọ̀ sí fíúsì ara amplifáyà. Wáyà ni ó ń dáàbò bò. Kí ó fá ọ̀dà ara irin ọkọ̀ dànù kí ó tó so wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn. Wáyà iná kí ó gba ọ̀tún, wáyà ohùn kí ó gba òsì, kí sípíkà má baà máa hu bí ẹ́ńjìnnì. Kí ó gbé ẹ̀rọ náà sí ibi tí atẹ́gùn wà, tí oòrùn kò ti ní í pa á, tí eruku ọyẹ́ kò sì ní í dí i.

Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya

Bọ́tìnnì "gain" kì í ṣe ti ariwo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ohùn rédíò àti amplifáyà bá ara wọn mu. Ẹ gbé rédíò sókè dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ máa yí gain díẹ̀díẹ̀ títí ohùn yóò fi fẹ́ máa ya, kí ẹ wá dá a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tó bá yí i dé òpin yóò ba sípíkà jẹ́, àwọn kékeré tí ń gbé ohùn tínínrín ni yóò sì kọ́kọ́ lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a bí sí Kaduna, Jos tàbí Kano, tí a kì í sábà gbọ́ kí dùndún máa pe oríkì ní ìta. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ìlù náà fi ń sọ̀rọ̀. Bí ohùn bá ti ya, ariwo ló kù, ọ̀rọ̀ ti sọnù. Wáàtì 400 tó mọ́ gaara sàn fún wa ju 3,000 orí páálí lọ.

Bí a bá ń lọ sọ́jà, sípíkà ni kí a kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà iná ọkọ̀, lẹ́yìn náà wáyà. Amplifáyà ni kí a rà kẹ́yìn. Kí ọ̀kan nínú àwọn tí a bá rán mú ìwé ìṣirò yìí dání, kí ó sì ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà lójú rẹ̀ kí ó tó sanwó.