Bí A Ṣe Lè Yọ Ìdọ̀tí Ara Ọkọ̀ Láìha Ọ̀dà Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, púpọ̀ nínú yín ni ó fi owó tí ẹ yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Kí ẹ tó san gbèsè náà tán, ara ọkọ̀ míràn a ti kún fún ilà wẹ́wẹ́ bí ẹni pé ológbò fi èékánná ha á. Oòrùn ni a máa ń dá lẹ́bi. Lóòótọ́, oòrùn a máa mú kí ọ̀dà ṣá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ń fọ ọkọ̀ ni ilà ti ń wá.

Lára ọkọ̀ òde òní, ọ̀dà tí ń dán lókè pátápátá kò nípọn tó ewé ìwé kan. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 20, nǹkan bí ìpín 1 ni. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ a máa gbé erùpẹ̀ wá láti aṣálẹ̀, àgàgà láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad. Ẹni tí ó bá fi aṣọ gbígbẹ nu erùpẹ̀ yìí, sáńpépà ni ó fi ń ra ọkọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gbé ọkọ̀ sí ibòji, kí ẹ sì kọ́kọ́ da omi púpọ̀ sí i láti òkè wá sílẹ̀. Korobá 2 ni kí ẹ lò: ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún ṣíṣan aṣọ rírọ̀ tí ẹ fi ń fọ̀ ọ́. (Kànìnkànìn tí a fi ń fọ ìkòkò kò bá wa dé ibí yìí rárá.) Bí ìgbẹ́ ẹyẹ bá ti gbẹ, ẹ fi aṣọ tútù bò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó rọ̀. Ẹ má ṣe fi èékánná họ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ki ọwọ́ bọ inú àpò ọ̀rá tín-ín-rín, kí ẹ fi pa ara ọkọ̀. Bí ó bá ń ṣe yanrìnyanrìn, oje igi, ẹ̀rún irin bíréèkì tàbí ọ̀dà tí wọ́n fín sí ọkọ̀ míràn nítòsí ni ó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Amọ̀ kan wà tí wọ́n ń tà fún èyí. Kì í ṣe amọ̀ ìkòkò o! Ẹ fi omi ọṣẹ rin ojú ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá rọra fi amọ̀ náà yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Bí ojú rẹ̀ bá ti dọ̀tí, ẹ pò ó kí ojú tuntun yọ. Bí ó bá jábọ́ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ tó, nítorí yanrìn ti wọ inú rẹ̀. Kí ẹ sì fi wáàsì pa ọkọ̀ náà, nítorí amọ̀ a máa ká ti tẹ́lẹ̀ kúrò.

Ẹni tí ó bá sì ń gbé ọkọ̀ fún àwọn ọmọ tí ń fọ ọkọ̀ lẹ́bàá títì, kí ó dúró tì wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n da omi tí wọ́n fi fọ ọkọ̀ ẹlòmíràn nù kí ó tó kan tiyín.