Bọ́tìnnì tí wọ́n yọ lára iPod: ohun tó kàn yín níbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta kóòdù àti pọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta ṣájà, íyápíìsì àti pọ́ọ̀ṣì ní Dùgbẹ̀, ní Agbowó, ní Challenge àti ní Ring Road, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ọjà tí ẹ̀ ń tà kì í dá dúró, ẹ̀rọ kan ló gbé e dání. Lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà bá yí ìrísí ẹ̀ padà, ohun tó wà lórí káńtà yín lè di ohun tẹ́nikẹ́ni ò béèrè mọ́, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní í kọ lẹ́tà sí yín tẹ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀, ìtàn iPod, ẹ̀rọ ìgbọ́rin kékeré ti ilé iṣẹ́ Apple, ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Láti ọdún 2001 tí wọ́n ti gbé e jáde, títí di ọdún 2022 tí wọ́n dáwọ́ ẹ̀ dúró, kò sí ohun tí wọn ò fojú ẹ̀ rí.

Ti iPod shuffle ló yani lẹ́nu jù. Òun ló kéré jù nínú wọn. Àwọn tó ti jáde ṣáájú ní bọ́tìnnì lára, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ kí orin bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń fo orin, àtèyí tí wọ́n fi ń mú ohùn lọ sókè tàbí wá sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta, ọdún 2009, Apple gbé òmíràn jáde, ni wọ́n bá yọ gbogbo bọ́tìnnì yìí kúrò lára ẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan ló kù, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń tàn án. Ara wáyà íyápíìsì ni wọ́n kó bọ́tìnnì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fo orin yóò tẹ àárín ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bó bá fẹ́ padà sí èyí tó ti kọjá, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀rọ ọ̀hún tún máa ń sọ̀rọ̀ o, ó ń pe orúkọ orin àti ti olórin síni létí ní èdè mẹ́rìnlá, àmọ́ Yorùbá ò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta íyápíìsì ti mọ ibi tí wàhálà wà. Íyápíìsì ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, wáyà ẹ̀ á já nídìí, etí kan á dákẹ́. Bó bá já lára irú shuffle yìí, tí oníbàárà wá ra èyí tí kò wọ́n lọ́wọ́ yín, orin á ṣì máa dún, ṣùgbọ́n kò ní í lè fò ó, kò sì ní í lè mú ohùn ẹ̀ wálẹ̀. Ó di dandan kó wá èyí tó ní bọ́tìnnì lára wáyà, owó gọbọi sì nìyẹn. Àwọn èèyàn pariwo títí. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2010, bọ́tìnnì padà sára shuffle, Steve Jobs tó jẹ́ ọ̀gá Apple nígbà náà sì fẹnu ara ẹ̀ sọ pé àwọn èèyàn ti ń wá a. Ọdún kan àtààbọ̀ péré ni gbogbo ẹ̀ gbà. Ẹni tó kó íyápíìsì olówó ńlá jọ nítorí ẹ̀rọ yẹn nìkan, ẹ fojú inú wo bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe máa rí.

Ti iPod nano tún wá le fún àwọn tó ń ta pọ́ọ̀ṣì. Èyí tó jáde lọ́dún 2005 tẹ́ẹ́rẹ́, ojú ẹ̀ sì máa ń tètè há. Lọ́dún 2006, wọ́n fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Lọ́dún 2007, ó kúrú, ó fẹ̀. Lọ́dún 2008, ó tún gùn. Lọ́dún 2009, wọ́n fi kámẹ́rà sí i lẹ́yìn, pọ́ọ̀ṣì ti ọdún tó ṣáájú ò sì ní ihò tí kámẹ́rà á gbà yọjú. Lọ́dún 2010, wọ́n yọ kámẹ́rà náà, wọ́n gé ẹ̀rọ kúrú bíi báàjì àyà, wọ́n ní ojú ẹ̀ ni kéèyàn máa fọwọ́ tẹ̀. Lọ́dún 2012, ó padà di gígùn. Irú méje ni gbogbo ẹ̀, kí wọ́n tó pa nano àti shuffle tì lọ́dún 2017.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ẹnì kan ra 40 pọ́ọ̀ṣì ní 500 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan, 20,000 náírà nìyẹn. Ó ń tà á ní 800. Ìgbà tó bá ta 25 ni ojú owó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé. Inú 15 tó kù ni èrè wà, gbogbo 12,000 náírà. Bí ìrísí ẹ̀rọ bá yí padà lẹ́yìn tó ta 25, kò pàdánù kọ́bọ̀ nínú ojú owó, àmọ́ ọ̀fẹ́ ló fi gbogbo oṣù yẹn ṣiṣẹ́, owó ṣọ́ọ̀bù ò sì dúró dè é. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí èyí, nítorí wọ́n á ní ṣebí owó àwọn ti wọlé.

Kì í ṣe gbogbo àyípadà ló ń pa ọjà. Láti ọdún 1979 tí Sony ti gbé Walkman àkọ́kọ́ jáde, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọn ò yí ara ẹ̀ padà! Síbẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń wọ inú ẹ̀, kò sì sóhun tó ṣe ọjà ẹni tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì nítorí pé Walkman tuntun tín-ín-rín ju ti àná lọ. Ìgbà tí sídì àti MP3 dé ni ọ̀ràn ṣẹ̀ṣẹ̀ kan òun. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ẹ̀rọ tuntun jáde, ẹ béèrè ohun tó yí padà gan-an. Bó bá jẹ́ ara ẹ̀ ni, ẹlẹ́ni tó ń ta pọ́ọ̀ṣì ló ni ẹjọ́. Bó bá jẹ́ ẹnu ẹ̀, ìyẹn ibi tí kóòdù ń gbà wọlé, ó kan ẹlẹ́ni tó ń ta ṣájà, kóòdù àti sípíkà tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ lé lórí.

Ẹnu fífẹ̀ tí Apple fi sí iPod lọ́dún 2003 ni wọ́n lò fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. Lọ́dún 2012, wọ́n fi Lightning, èyí tó kéré, rọ́pò ẹ̀, gbogbo sípíkà tó ní ẹnu àtijọ́ sì di ère. Lọ́dún 2023, wọ́n tún kúrò lórí Lightning bọ́ sórí Type-C fún iPhone 15. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Yúróòpù tó pa á láṣẹ pé Type-C ni kí àwọn fóònù tuntun máa lò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí ọdún 2024. Òfin wọn kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n ọjà tí wọ́n bá ṣe fún wọn náà ló ń wá síbí, torí ẹ̀ ni kóòdù Type-C ṣe jẹ́ ọjà tí ọkàn lè balẹ̀ lé lórí fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Ẹ má tìtorí ẹ̀ da Lightning nù o. Ọ̀pọ̀ iPhone tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn n'Ìbàdàn, tòkunbọ̀ ni, tòkunbọ̀ kì í sì í tètè kú. Ohun tí wọ́n ti gbàgbé lókè òkun ṣì ń wá kóòdù rà ní Bódìjà. Ẹ dín iye tẹ́ ẹ̀ ń rà kù, ẹ máa rà á ní dọ́sìnnì kan dípò páálí kan, kẹ́ ẹ sì máa wo bó ṣe ń tà lóṣooṣù.

Pọ́ọ̀ṣì ló gba ìṣọ́ra jù. Oṣù kẹsàn-án ni Apple sábà máa ń gbé iPhone tuntun jáde, kó tó dìgbà náà, àwọn kan á ti máa gbé pọ́ọ̀ṣì ẹ̀ kiri, wọ́n á ní àwọn ti mọ bó ṣe máa rí. Ẹni tó bá gbé irú ẹ̀ wá bá yín ní oṣù kẹjọ, ẹ ní kó gbé e padà wá ní oṣù kẹwàá.