Ìwé Ìtàn Ọkọ̀ Tí Ń Rìn Láàárín Ìràwọ̀



Bí ẹ bá dúró ní etí òkun ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí lálẹ́, tí ẹ kọjú sí agbami, ẹ óò rí iná àwọn ọkọ̀ ńláńlá tí wọ́n ń dúró de àyè láti wọ èbúté tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Bí òkùnkùn bá ṣú dáadáa, ojú kò ní mọ ibi tí òkun parí sí mọ́, àti ibi tí sánmà ti bẹ̀rẹ̀. Iná ọkọ̀ a dàbí ìràwọ̀, ìràwọ̀ a sì dàbí iná ọkọ̀. Ẹni tó bá ti rí èyí kò ní pẹ́ lóye irú ìwé tí mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Ìtàn àròsọ ni, nípa àwọn ènìyàn tí wọ́n wọ ọkọ̀, tí wọ́n sì rin ìrìn àjò láti ìràwọ̀ kan dé èkejì. Space opera ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí òpẹrà yẹn dà yín lójú rú. Àwa mọ òpẹrà, nítorí pé orúkọ tí Hubert Ogunde fún eré rẹ̀ nìyẹn nígbà tó kọ́kọ́ gbé e jáde ní Èkó ní 1944. Ṣùgbọ́n ti ìwé wọ̀nyí kò ní ìlù, kò ní orin. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Wilson Tucker, ló sọ wọ́n lórúkọ náà ní 1941, èébú ló sì fi ṣe. Ó ń bá àwọn òǹkọ̀wé wí tí wọ́n ń kọ ìtàn ọkọ̀ kan náà ní àkọtúnkọ, tí kò sí ọgbọ́n nínú rẹ̀.

Èébú náà kò ṣàì ní òótọ́ nínú. Ìwé púpọ̀ ló wà níbẹ̀ tó jẹ́ kìkì ìbọn àti ariwo. Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tó dára? Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: bí a bá yọ ọkọ̀ kúrò nínú ìtàn yìí, ṣé a ó ṣì fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà nínú rẹ̀? Ẹ rántí ìwé D. O. Fagunwa ti 1938, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Iwin pọ̀ nínú igbó náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Kàkó, Ìmọ̀dòye àti Olóhùn-iyọ̀ ni a ń rántí, nítorí pé olúkúlùkù ló ní ìwà tirẹ̀. Ìwà ló ń gbé ìtàn ró, ìbáà jẹ́ inú igbó, ìbáà jẹ́ ojú sánmà.

Ìwé kìn-ín-ní tí mo fẹ́ kí ẹ wá kà ni Binti, tí Nnedi Okorafor, ọmọ Igbo tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 2015. Kò gùn rárá. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún ni Binti, ẹ̀yà Himba ti ilẹ̀ Namibia sì ni. Bí àwọn ìyá wa ti ń fi osùn kun ara láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin Himba ń fi amọ̀ pupa tí wọ́n pò mọ́ òróró kun ara àti irun wọn. Binti mọ ìṣirò púpọ̀, yunifásítì kan tó wà lọ́nà jíjìn réré láàárín ìràwọ̀ sì gbà á wọlé, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé rẹ̀ kò fẹ́ kí ó lọ. Ó dìde ní òru, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì sá lọ láìdágbére. Ó mú amọ̀ rẹ̀ dání.

Lójú ọ̀nà, àwọn ẹ̀dá abàmì kan tí ń jẹ́ Meduse ya wọ ọkọ̀, wọ́n sì pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí kò ní ìbọn yìí ni yóò wá ọ̀nà láti bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó sì gbọ́ tẹnu wọn, ó rí i pé wọ́n ní ẹjọ́: àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì ti mú ẹ̀yà ara olórí wọn, wọ́n sì gbé e sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwa tí a mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní, kò lè ṣòro fún wa láti lóye irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé náà gba ẹ̀bùn Hugo ní 2016. Bí ó bá dùn mọ́ yín, méjì mìíràn tẹ̀ lé e.

Èkejì ni Far from the Light of Heaven, tí Tade Thompson kọ ní 2021. Ọmọ Yorùbá ni, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ló ti dàgbà. Òun ló gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019 fún ìwé rẹ̀ mìíràn, Rosewater. Nínú èyí, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Ragtime kó ọ̀pọ̀ èrò lọ sí ìlú tuntun kan tó jìnnà tó ìrìn ọdún mẹ́wàá, gbogbo wọn sì ń sùn. Ẹ̀rọ tí ń ronú bí ènìyàn ló ń tukọ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Shell Campion, ni igbákejì rẹ̀, ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ sì nìyí. Nígbà tí Shell jí, ẹ̀rọ náà kò ṣe dáadáa mọ́, a sì ti pa èrò 31. Ta ló pa wọ́n, nígbà tí olúkúlùkù ń sùn?

Àwọn tó wá ràn án lọ́wọ́ ni ọlọ́tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan tí wọ́n ti dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, àti bàbá kan pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, Joké, tí wọ́n wá láti ìlú kan tí a kọ́ sí ojú sánmà. Ẹ gbọ́ orúkọ ìlú náà: Lagos! Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ìwé yìí, nítorí náà kì í ṣe ti ọmọ kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo Shell dáadáa. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì fi àwọn tó kù sílẹ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí wọn wà.

Ẹni tí ojú sánmà bá jìnnà jù fún lè fi Lagoon, tí Okorafor kọ ní 2014, bẹ̀rẹ̀. Nínú ìyẹn, àwa kọ́ ni a lọ bá àwọn àjèjì; àwọn ni wọ́n wá bá wa, tí wọ́n bọ́ sínú òkun ní Bar Beach. Etí òkun kan náà tó dé ọ̀dọ̀ yín ní Ajah àti Ìbẹ́jú-Lẹ́kí ni.

Bàbá tàbí ìyá kan lè sọ pé, kí ni èrè irọ́ wọ̀nyí fún ọmọ tó ní ìdánwò níwájú? Ẹ jẹ́ kí n dáhùn. Ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, ibi tí àwọn kan ti ń dá oko, tí àwọn mìíràn ti ń da àwọ̀n, ti di èbúté àti ilé ìfọpo. Ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ni yóò wọ ọkọ̀ lọ sí ibi tí bàbá wọn kò dé rí, àjèjì yóò sì máa wọlé tọ̀ wọ́n wá lójoojúmọ́. Báwo ni ènìyàn ṣe lè lọ jìnnà kí ó má sọ ara rẹ̀ nù? Báwo ni a ṣe ń bá ẹni tí kò jọ wá sọ̀rọ̀ kí ìjà tó dé? Ohun tí Binti àti Shell ń wádìí nìyẹn. Bí ọmọ bá ti bá wọn ronú lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní jẹ́ tuntun sí i lọ́jọ́ tó bá kàn án.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo wọn. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ti ka orí kan tán, ẹ fi Yorùbá sọ ọ́ fún àwọn ará ilé lálẹ́. Ẹ óò rí i pé ìyá àgbà yóò bèèrè pé, "Ṣé ọmọ yẹn tún padà sílé?" Ìbéèrè rere nìyẹn. Ẹ lọ kà á kí ẹ lè dá a lóhùn.