Ihò Bẹ́ríǹ Tó Ti Jẹ: Kí Ló Dé Tí Pọ́ńṣì Kì í Pẹ́ Nínú Ẹ́ńjìnnì Ọ̀kadà?

Ọ̀kadà ni bọ̀dá mi fi ń gbé ẹrù fáwọn oníbàárà n'Íbàdàn. Lọ́jọ́ kan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo láti ìsàlẹ̀, bó bá sì ṣe ń gbóná tó ni ariwo náà ń le tó. Mẹkáníìkì tú u. Bẹ́ríǹ tó gbé kíráǹkì dúró, tó yẹ kó jẹ́ pé iná ni wọ́n máa fi yọ ọ́, ọwọ́ lásán ló fi mú un jáde bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò.

Ọ̀gá mẹkáníìkì ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú pọ́ńṣì, ó ń fi hámà gbá a yí inú ihò náà ká títí gbogbo ẹ̀ fi rí gbágungbàgun. Ó wá gbá bẹ́ríǹ tuntun wọlé, ó le dáadáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́, ariwo tún padà dé. Bọ̀dá mi pè mí: “Àbúrò, ìwọ tó ń ka sáyẹ́ǹsì, ṣé bẹ́ríǹ ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?”

Bẹ́ríǹ ò ṣẹ̀ wọ́n. Ihò tó ń jókòó sí ló ti jẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà níbẹ̀ ná. Aluminíọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara ẹ́ńjìnnì, èyí tá à ń pè ní kéèsì, torí pé ó fúyẹ́, ó sì tètè ń lé ooru jáde. Irin líle ni bẹ́ríǹ ní tiẹ̀. Òrùka méjì ló ní, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde, bọ́ọ̀lù kéékèèké wà láàárín wọn. Òrùka inú ló ń bá kíráǹkì yí. Ti òde ò gbọ́dọ̀ yí rárá. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, kò sí bóòtù kankan tó dè é mọ́lẹ̀. Ohun tó dì í mú ò ju pé wọ́n gbẹ́ ihò náà kó fi díẹ̀ kéré sí bẹ́ríǹ. Díẹ̀ yẹn kéré gan-an: kì í ju ìdá mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Ẹ fi wé irun orí kan ṣoṣo, tó máa ń nípọn tó 0.05 sí 0.1 mm.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ooru. Irin àti aluminíọ̀mù máa ń fẹ̀ tí wọ́n bá gbóná, àmọ́ aluminíọ̀mù ń fẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì irin. Ẹ mú ọ̀pá tó gùn ní mítà kan: tí ooru bá fi digíríì kan gòkè, ti aluminíọ̀mù á fi 0.023 mm gùn sí i, ti irin á fi 0.012 mm. Ó jọ pé kò tó nǹkan, àbí? Ẹ jẹ́ ká wá mú bẹ́ríǹ 6304, tó fẹ̀ ní 52 mm láti etí dé etí. Ká ní òun àti kéèsì jọ gbóná láti 30°C dé 110°C. Ihò aluminíọ̀mù á fi 0.096 mm fẹ̀, bẹ́ríǹ á fi 0.050 mm fẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.046 mm. Ihò tó fi 0.05 mm kéré sí bẹ́ríǹ á ṣì dì í mú díẹ̀ nínú ooru yẹn. Èyí tó ti jẹ débi pé 0.01 mm péré ló kù, tó ṣì le lọ́wọ́ mẹkáníìkì láàárọ̀ tí gbogbo nǹkan tutù, á ti ṣí sílẹ̀ kó tó di ọ̀sán.

Tó bá ti ṣí, kí ló ń mú òrùka òde yí? Mo rò tẹ́lẹ̀ pé àwọn bọ́ọ̀lù ló ń wọ́ ọ. Wọ́n lè wọ́ ọ lóòótọ́, pàápàá tí bẹ́ríǹ bá ti fẹ́ gan. Àmọ́ ohun míì wà tó dùn mọ́ mi jù. Ẹ gbé ìdérí ìgò kan sínú ìdérí míì tó fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ, kẹ́ ẹ máa fì í káàkiri. Ti inú á máa yí gbiri mọ́ ògiri ti òde, òun fúnra ẹ̀ á sì máa yí díẹ̀díẹ̀, sẹ́yìn, ní òdìkejì ibi tẹ́ ẹ̀ ń fì í sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíráǹkì tó ń fì ṣe ń tẹ bẹ́ríǹ mọ́ ara ihò yíká. Tí àlàfo bá jẹ́ 0.05 mm, gbogbo ìgbà tí kíráǹkì bá yí lẹ́ẹ̀kan, òrùka á fi 3.14 × 0.05 sún, ìyẹn 0.157 mm. Tí kíráǹkì bá ń yí nígbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, 942 mm nìyẹn. Àyíká bẹ́ríǹ náà ò ju 163 mm lọ! Tí kò bá yọ̀, òrùka tó yẹ kó dúró gbọnin á ti yí ní bí ìgbà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi lúbúlúbú irin inú ọ́ìlì kún un, ó di sàǹdípépà. Bó ṣe ń yí ló ń jẹ, bó ṣe ń jẹ ló ń yára yí.

Pọ́ńṣì wá ńkọ́? Kò fi aluminíọ̀mù kankan kún ihò. Ó kàn ń ti díẹ̀ sókè yí ojú kọ̀ọ̀kan tó lù ká ni, orí àwọn ṣóńṣó yẹn nìkan ni bẹ́ríǹ sì ń fara tì. Gbogbo ẹrù wá wà lórí ibi tín-ín-rín nínú irin rírọ̀, ni wọ́n bá tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó tún lè gbé bẹ́ríǹ kúrò láàárín gangan. Mi ò bá ọ̀gá mẹkáníìkì jà o. Ẹni tó fẹ́ jẹun lónìí ló gbé ọ̀kadà wá bá a.

Àwọn kan ń lo gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, irú Loctite 638, tó lè dí àlàfo tó 0.25 mm. Kì í ṣe súpà gúlù o. Èyí kì í le níbi tí atẹ́gùn bá wà; àárín irin méjì tó fún mọ́ra ló ti ń gan. Ó dáa tí ihò bá jẹ díẹ̀, tí ẹ sì fọ gbogbo ọ́ìlì kúrò pátápátá. Àmọ́ kò mọ ibi tí àárín wà. Ibi tí bẹ́ríǹ bá fì sí ló máa gan sí.

Wẹ́dà lè kún ihò náà, kí wọ́n tún un gbẹ́. Ẹ̀rù èyí ń bà mí. Aluminíọ̀mù ń yọ́ ní 660°C, kì í sì pọ́n kí ẹ rí i kó tó yọ́, ooru náà sì lè mú kéèsì wọ́.

Bọ́ọ̀ṣì la ṣe nígbẹ̀yìn, lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Wọ́n gbẹ́ ihò 52 mm yẹn di 58 mm, wọ́n sì fi òrùka irin dí i. Ibi tí bàbá náà ti pẹ́ jù ni wíwá àárín. Ó fi bóòtù de kéèsì méjèèjì pọ̀, torí pé kíráǹkì kan náà ló gba inú àwọn méjèèjì kọjá, ó sì fi etí kékeré tí kò jẹ ní ìsàlẹ̀ ihò náà wọn ọ̀n. Mo bẹ̀ ẹ́ nípa nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, kí bọ́ọ̀ṣì fi 0.08 mm tóbi ju ihò 58 mm, torí pé ooru á jẹ 0.051 mm nínú ẹ̀. Èkejì, kó má gbẹ́ inú bọ́ọ̀ṣì parí títí tó fi máa wọlé, torí kéèsì á fún un pọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ ìyẹn kí wọ́n tó bí mi. Òun ló tún rántí ihò ọ́ìlì tí bọ́ọ̀ṣì ì bá dí, ó lu ú padà.

A ò fi hámà kan bẹ́ríǹ. Ó sun inú fírísà mọ́jú. A gbé kéèsì tí a ti fọ̀ mọ́ sórí sítóòfù oníná títí omi tí mo ta sí i fi ń hó ṣíì. Bẹ́ríǹ bọ́ sínú ihò, ó dún kọ́. Nígbà tó tutù, bọ̀dá mi fi àtàǹpàkò méjèèjì tì í. Kò mì.