Eruku Tó Ń Pẹ́ Dáhùn

Sutherland wà lórí òkè nínú aṣálẹ̀ Karoo, ní South Africa. Ibẹ̀ ni Ian Glass ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kì í rí. Infrared ni, ẹ̀yà rẹ̀ tó súnmọ́ pupa jù, irú èyí tí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ń yọ jáde. Iṣẹ́ náà le díẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń yọ infrared, òfúrufú pàápàá kò gbẹ́yìn. Wọ́n ní láti mú ojú ẹ̀rọ tutù nini, kí wọ́n kọ ọ́ sí ohun tí wọ́n ń wá, kí wọ́n tún kọ ọ́ sí òfìfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n wá yọ èkejì kúrò nínú èkíní.

Fairall 9 wà lára ohun tí Glass ń wọ̀n. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rìn ju mílíọ̀nù 600 ọdún lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ihò dúdú ńlá kan wà láàárín rẹ̀, ohun tó ń já sínú ihò náà sì ń gbóná, ó ń tàn yòò.

Láti 1978 ni sátẹ́láìtì IUE ti ń ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ ultraviolet tó ń ti ibẹ̀ wá. Nígbà tó fi máa di 1984, ìmọ́lẹ̀ náà ti dín kù gan-an. Infrared náà dín kù, àmọ́ kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Ní 1989, Jean Clavel, Willem Wamsteker àti Glass to àkọsílẹ̀ méjèèjì síra, wọ́n sì rí i pé infrared fi nǹkan bí 400 ọjọ́ gbẹ́yìn.

Kí ló fà á? Eruku ló yí ihò náà ká. Tí ooru bá ti tó ìwọ̀n Celsius 1,200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, eruku a di afẹ́fẹ́, nítorí náà kò sí èyí tó lè súnmọ́ àárín ju ààlà kan lọ. Èyí tó wà létí ààlà yẹn ló ń gba ìmọ́lẹ̀ àárín, tó sì ń dá a padà ní infrared, bí àpáta ṣe ń dá ohùn ẹni padà. Ọjọ́ 400 tí ìmọ́lẹ̀ fi rìn jẹ́ bíi tírílíọ̀nù kìlómítà mẹ́wàá. Kò sí awò kankan nígbà náà tó lè fi ojú rí ààlà ọ̀hún. Kàlẹ́ńdà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ká ní iṣẹ́ náà sú Glass lẹ́yìn ọdún méjì ni, kò bá sí ohun tí wọ́n máa tò síra.

Ojú padà rí irú rẹ̀. Ní 2020, àwọn tó ń lo GRAVITY, ẹ̀rọ tó so awò ńláńlá mẹ́rin pọ̀ ní Paranal, Chile, tẹ àwòrán eruku gbígbóná inú NGC 1068 jáde, ìyẹn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó súnmọ́ wa ju Fairall 9 lọ dáadáa. Òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n bá níbẹ̀.