Kí Á Tó Dáwó Sólà Fún Ilé Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ sólà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí ẹni tó ń sá ẹ̀lùbọ́ ní Òfìkì. A ti mọ iṣẹ́ oòrùn, kò sì gbowó lọ́wọ́ wa rí. Oòrùn kan náà lè tan iná sí kíláàsì àwọn ọmọ wa, kó sì yí fáànù. Àmọ́ owó la ó fi ra ohun tí yóò gbà á sílẹ̀, owó ọjà ò sì ṣeé dà sínú apẹ̀rẹ̀ bí omi.

Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù, jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n jù fún ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ sólà fi pọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ilé ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Kíláàsì onípáànù tí kò ní síìlìǹ, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣe ni páànù ń gbóná bí agbada gàrí. Bí ẹ gbé fáànù síbẹ̀, ooru yẹn náà ni yóò máa fẹ́ kiri. Ní abúlé Gando, ní Burkina Faso, tí oòrùn wọn le ju tiwa lọ, ọmọ abúlé náà kan, Francis Kéré, kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó parí ní 2001. Amọ̀ tí wọ́n po símẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ ni wọ́n fi ṣe bíríkì rẹ̀. Wọ́n fi bíríkì ṣe àjà, wọ́n wá gbé páànù sókè dáadáa lórí àjà yẹn, kí atẹ́gùn lè máa gba àárín wọn kọjá. Atẹ́gùn ń gbé ooru lọ, inú kíláàsì sì tutù láìsí ẹ̀rọ. Àwọn obìnrin abúlé náà wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ ọ̀hún.

A ò ní torí ìyẹn wó ilé ẹ̀kọ́ tiwa. Kí á kan síìlìǹ. Kí á ṣí ihò atẹ́gùn sókè ògiri. Kí fèrèsé wà lọ́tùn-ún lósì. Kí á fi ọ̀dà funfun kun inú rẹ̀, torí funfun máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Kí á gbin igi sí ìhà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọlé.

Ó wá ku ìṣirò. Gílóòbù àtijọ́ ń jẹ 60 wáàtì. Gílóòbù LED tó tàn tó o ń jẹ 9 péré. Fáànù òkè tí a mọ̀ ń jẹ bíi 75. Èyí tí wọ́n ṣe fún sólà, bíi 30. Kíláàsì tó ní gílóòbù 4 àti fáànù 2 yóò jẹ 390 wáàtì láyé àtijọ́, 96 nísinsìnyí. Ṣé ẹ rí i? Sólà tí ì bá gbé kíláàsì 1 yóò gbé 4.

Páńẹ́ẹ̀lì orí òrùlé ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná. Bátìrì ló ń tọ́jú rẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì lè lò tó ọdún 25, bí a bá ń nu eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀. Bátìrì olómi kì í sábà ju ọdún 3 sí 5 lọ. Ti lithium lè tó 10. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ nìyẹn o. Bátìrì á kú, owó ò ní sí, páńẹ́ẹ̀lì á wá di ọ̀ṣọ́ orí ilé. Ṣùgbọ́n ojúmọmọ ni ilé ẹ̀kọ́ ń lo iná jù, nígbà tí oòrùn wà lókè. Bátìrì kékeré ti tó o, àfi bí àwọn ọmọ bá ń kàwé lálẹ́.

Kì í ṣe àlá. Ní bí 2015 sí 2016, ìjọba Èkó, pẹ̀lú ìrànwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gbé sólà sí ilé ẹ̀kọ́ tó lé ní 100.

Bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ ìdáwó dé ìpàdé wa, ohun 3 ni kí á bi wọ́n. Ṣé síìlìǹ àti ihò atẹ́gùn ti wà? Wáàtì mélòó ni kíláàsì kọ̀ọ̀kan yóò jẹ? Ta ni yóò máa gba owó bátìrì jọ, bí ìgbà tí à ń dá èsúsú, kó tó di pé bátìrì kú? Ẹni tó bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn, ẹ jẹ́ ká tú àpò fún un.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọjà á tà o.